Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Ọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àhesọ Òṣèlú tó Ń Gba Ímeèlì àti Fóònù Wọ Ilẹ̀ Okun

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti ọdún 2003 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tókópì ní Kàbà, ní ilẹ̀ wa Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ímeèlì ni mo kọ́kọ́ fi jẹun. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà á wá sọ́dọ̀ mi, màá bá a ṣí àpótí lẹ́tà rẹ̀, màá tẹ ohun tó bá wà níbẹ̀ sórí bébà, á sì mú un lọ sílé. Ohun tí mo rí lórí àwọn bébà wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí n máa ronú lórí àhesọ òṣèlú títí dòní. Àwọn oníbàárà mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi máa ń bi mí léèrè nípa rẹ̀, pàápàá tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù jọ síbí.

Kí gan-an là ń pè ní àhesọ?

Ọ̀rọ̀ tó ń kiri láìsí ẹni tó ni ín ni. Bó bá jẹ́ ìròyìn, ẹ ó rí ẹni tó lè dúró pé, "Èmi ni mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe." Àhesọ kì í ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, "wọ́n ní" ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ irọ́, ó sì lè padà já sí òótọ́. Èyí tó máa ń bá a rìn ni ìtàn ìdìtẹ̀: pé àwọn alágbára kan ti jókòó níkọ̀kọ̀, wọ́n ti parí gbogbo rẹ̀, ohun tí à ń wò kì í ṣe òun ló ń ṣẹlẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣòroó tú, torí bí ẹ bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbà á gbọ́ á ní ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ta ló ṣì ń lo ímeèlì? Ṣé kò ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni?

Ọ̀nà tí ímeèlì là sílẹ̀ ni WhatsApp ń tọ̀ báyìí. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà, ó sì pẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé ọ̀pọ̀ abúlé ní Bùnú àti Yàgbà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ láti òkè òkun ń gba ímeèlì wọlé.

Mo rántí bébà kan dáadáa. Ọmọ ìlú kan ní Amẹ́ríkà ló rí ọ̀rọ̀ òṣèlú kan gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìlú. Ẹnì kan nínú wọn l'Ékòó fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, àbúrò náà sì fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n tẹ̀ ẹ́ fún bàbá wọn. Bí bébà ṣe ń jáde nínú ẹ̀rọ ni mo rí àmì bí ẹnu ọfà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan: >>>>>. Ẹ̀rọ ímeèlì ìgbà náà máa ń fi ọ̀kan kún un bí ọ̀rọ̀ bá ti ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Márùn-ún ni mo kà. Bàbá gba bébà náà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n kà á fún àwọn ẹgbẹ́ wọn lábẹ́ igi mángòrò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin tí mo máa ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi. Mo bi í pé níbo ló ti gbọ́ ọ. Ó ní rédíò ló sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta péré, ímeèlì aláìlórúkọ ti di ìròyìn rédíò. Obìnrin yẹn kò purọ́ o. Ẹni tó sọ ọ́ fún un ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lórí WhatsApp, àmì ọfà yẹn ṣì wà. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń fi hàn pé ẹnì kan ló fi ọ̀rọ̀ ṣọwọ́ láti ibòmíràn. Ní 2019 wọ́n ní èèyàn kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣọwọ́ síbi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2020, èyí tó ti kiri jù kò lè lọ síbi tó ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ímeèlì fi dára ju WhatsApp lọ ni pé orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá sábà máa ń wà níbẹ̀. WhatsApp kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ pé èyí tí ẹbí mi bá fi ránṣẹ́ ni mo tètè máa ń gbà gbọ́?

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2008, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, R. Kelly Garrett, ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ 600 ará Amẹ́ríkà lórí àhesọ tí wọ́n gbọ́ àti èyí tí wọ́n gbà gbọ́. Ó gbé e jáde ní 2011. Àwọn tó ń káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn pàdé àhesọ púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pàdé ọ̀rọ̀ àwọn tó tú u fó náà. Èyí tó gba ímeèlì wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ń wọ̀ wọ́n lára. Òun ni wọ́n ń gbà gbọ́, òun náà ni wọ́n ń fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn.

Mo ka èyí, mo sì rántí gbogbo bébà tí mo ti tẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tó sọ pé, "Tẹ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ẹ̀rí inú rẹ̀ dájú." Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́." Ìfẹ́ tí à ń fẹ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ la fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ́ ló mọ ìdí rẹ̀. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ni.

Ṣé wọ́n ti tọpa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìdí rí?

Wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí Barack Obama ń du ipò ààrẹ, ímeèlì kan gba gbogbo Amẹ́ríkà kan pé Mùsùlùmí tó ń fara pamọ́ ni, pé Kùránì ló fi búra nígbà tó wọlé sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ̀dà rẹ̀ dé Kàbà. Mo tẹ̀ ẹ́ fún èèyàn.

Ní 2008, onímọ̀ kan tó wà ní Princeton nígbà náà, Danielle Allen, gba ímeèlì yìí, ó sì fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Ó ń mú gbólóhùn inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́. Ọ̀nà náà mú un padà sí oṣù Kẹjọ ọdún 2004, sí ìwé kan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andy Martin fi síta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńlá tí Obama sọ ní àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Ìbúra pẹ̀lú Kùránì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ṣùgbọ́n Keith Ellison, aṣòfin láti Minnesota, ló ṣe é. Mùsùlùmí ni, kò sì fi pamọ́. Kùránì tó lò jẹ́ èyí tí Thomas Jefferson ní nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n ká òótọ́ lára ẹnì kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lára. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wádìí ààbọ̀ fi lè rí nǹkan kan tó jọ ẹ̀rí.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ di ti ibi tí wọ́n bí i sí. Honolulu ni wọ́n bí i, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1961, ìwé ìròyìn méjì níbẹ̀ sì gbé ìkéde ìbí rẹ̀ lóṣù yẹn gan-an. Ó fi ìwé ẹ̀rí ìbí hàn ní 2008, ó tún fi èyí tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2011, àwọn kan kò sì gbà títí di òní.

Ohun tó dùn mí jù nínú ímeèlì yẹn ni bó ṣe sọ jíjẹ́ Mùsùlùmí di ẹ̀ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Okun níbí, ọmọ bàbá kan náà á máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì á máa lọ mọ́ṣáláṣí, wọ́n á sì jọ jẹun ọdún. Mo tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ìlú wa láì bi ara mi ní nǹkan kan.

Ní Nàìjíríà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ Jubril lẹ ó kọ́kọ́ rántí. Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ gba ìtọ́jú ní London ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kò padà títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ, wọn kò sì sọ àìsàn tó ń ṣe é fún ará ìlú. Inú àlàfo yẹn ni ìtàn ti yọ pé ó ti kú, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ní Poland, òun fúnra rẹ̀ ní láti dáhùn pé òun gan-an ni. Èmi kò gba ìtàn náà gbọ́ rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fún un lẹ́sẹ̀: ìjọba tó bá pa ẹnu mọ́ ti ṣílẹ̀kùn fún aláhesọ.

Àhesọ sì ń pa èèyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan fi òru ọjọ́ kan gba orí fóònù káàkiri pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan kú, ọ̀pọ̀ dé ilé ìwòsàn.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ìgbà wo ni àhesọ gbóná jù?

Lójú tèmi, oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni. A dìbò gómìnà ní ọjọ́ 21, ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, Abubakar Audu tó ń léwájú nínú ìbò kú kí wọ́n tó kéde èsì. James Faleke, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdè ní Ìjùmú, ni igbákejì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní ìdìbò kò tíì parí: ìbò 41,353 ni Audu fi ṣíwájú, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó ìdìbò 91 tí wọ́n ti fagi lé ìbò sì jẹ́ 49,953, ó ju àlàfo náà lọ.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Fóònù ń mì lápò gbogbo èèyàn. Ẹnì kan ní ó ti kú, ẹnì kejì ní irọ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹnì kan tó wà lọ́dọ̀ wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ohùn kankan láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá kéde ikú náà, tí ó já sí pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ló sọ òótọ́, ohun tí gbogbo wa kọ́ ni pé àhesọ ló máa ń mọ̀ ṣáájú ìjọba. Láti ọjọ́ yẹn títí di ìdìbò àfikún ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, tí ẹgbẹ́ fi Yahaya Bello rọ́pò olóògbé, kò sí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa tí a kò gbà. Faleke pe ẹjọ́ lórí rẹ̀, ó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ló sì parí síbẹ̀, pé Bello ni gómìnà.

Ohun kan tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ará ìta kì í mọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, ọmọ Okun kankan kò sì tíì fi ìbò di gómìnà rẹ̀. Clarence Olafemi ṣe adelé fún ìgbà díẹ̀ ní 2008, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n ti tún gbà á lọ́wọ́ wa" bá egbò níbi tó wà. Ní 1947, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Gordon Allport àti Leo Postman, sọ pé ohun méjì ní ń bí àhesọ: kí ọ̀rọ̀ kan wúwo lọ́kàn èèyàn, kí ó sì ṣókùnkùn sí wọn. Ọjọ́ Àìkú yẹn, méjèèjì pé ní Kàbà.

Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n bá ti pè ní àhesọ ló jẹ́ irọ́?

Rárá o, ẹ má jẹ́ kí olóṣèlú kankan fi ìyẹn tàn yín. Lọ́jọ́ ìdìbò gómìnà, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ọ̀rọ̀ gba ìgboro pé wọ́n ti kọ èsì sínú ìwé èsì ìbò kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀ ní apá àárín gbùngbùn Kogi. Ẹni tó bá sọ ọ́ láàárọ̀ yẹn, wọ́n lè ní aláhesọ ni. INEC fúnra wọn ló jáde pé àwọn rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá ìdìbò dúró ní wọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án ní Ogori/Magongo. Ẹ̀rí ni kí ẹ bèèrè, ẹ má wo bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ìjọba tàbí alátakò.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ ọ̀rọ̀ kan wò kí n tó fi ṣọwọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ àti ọjọ́. Ọ̀rọ̀ tó ní "dókítà kan ní Abuja" tàbí "ọ̀gá ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì" láìdárúkọ, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán ìjà níbùdó ìdìbò lè jẹ́ ti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ní ìlú mìíràn. Google máa ń jẹ́ kí ẹ fi àwòrán wá àwòrán, ẹ sì lè rí ibi tó ti jáde ṣáájú. Tó bá jẹ́ iye ìbò ni, ojú òpó IReV ti INEC, tí wọ́n ti ń lò láti 2020, máa ń gbé àwòrán ìwé èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan síta. Ẹ wá ibùdó tiyín, ẹ fi wé ohun tí ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ yín kọ sílẹ̀. Kì í yá nígbà gbogbo; ní ìdìbò ààrẹ oṣù Kejì ọdún 2023, èsì pẹ́ kó tó gorí rẹ̀, àhesọ sì kún àlàfo náà. Africa Check àti Dubawa, àwọn àjọ tó ń yẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò, náà ń ṣe irú ìwádìí yìí.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ní kí ẹ pín in kíákíá kí wọ́n tó pa á rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òótọ́ kì í bà jẹ́ mọ́jú.

Àdírẹ́sì INEC ló wà lókè ímeèlì náà. Ṣé kò ti tó?

Kò tó. Orúkọ tó wà lókè ímeèlì dà bí orúkọ tí èèyàn kọ sẹ́yìn àpò lẹ́tà. Ẹni tó ń kọ ọ́ lè kọ èyí tó bá wù ú. Ẹ tẹ orúkọ náà kí ẹ rí àdírẹ́sì gan-an. Bó bá parí sí gmail tàbí yahoo, kì í ṣe ti INEC. Bó bá tilẹ̀ jọ tiwọn, wọ́n lè ṣe ayédèrú ìyẹn náà. Ìkéde tó bá jẹ́ òótọ́ yóò wà lójú òpó àjọ náà fúnra rẹ̀.

Bàbá mi ló ń fi irọ́ ránṣẹ́ lárààárọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, òun ni wọ́n sì ń bi mí jù. Ẹ má dá wọn lóhùn nínú gúrúùpù. Àgbà tí ọmọ bá dójú tì níwájú ẹbí yóò di ọ̀rọ̀ náà mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe torí pé ó gbà á gbọ́, torí ojú tó tì í ni. Ẹ lọ bá wọn nílé, tàbí kí ẹ pè wọ́n. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ara tù wọ́n, kí ẹ tó mẹ́nu bà á. Ẹ má sì pè é ní irọ́. Ẹ béèrè ni.

Bàbá kan wà ní Ìyàrà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn wá bá mi, ọ̀rọ̀ bàbá ti sú u. Mo bá a lọ. Lẹ́yìn tí a kí wọn tán, tí wọ́n fún wa lómi, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìwé ìdánwò tí kò bá lórúkọ, ẹ kò ní máàkì í. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ta ló ni ín?" Wọ́n mú awò ojú wọn, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n tún kà á. Wọ́n ní, "Kò sí orúkọ." Wọ́n pe ẹni tó fi ránṣẹ́ sí wọn, ìyẹn ní ọwọ́ àna òun lòun ti gbà á. Wọ́n pe àna náà. Ó ní ẹnì kan ní Kàdúná ni. Ẹni Kàdúná kò rántí ẹni tó fún un. Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní, "Gbogbo wa là ń jí ìwé wò." Ọmọ wọn sọ fún mi pé láti ìgbà náà, wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó fún wọn sábẹ́ rẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ tú irọ́ fó, kí ni kí n ṣe?

Òótọ́ ni kí ẹ fi ṣáájú. Ìwádìí kan tí Lynn Hasher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1977 fi hàn pé bí etí èèyàn bá ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan léraléra ló ń jọ òótọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má pín irọ́ náà kí ẹ tó wá kọ "ẹ má gbà á gbọ́" sábẹ́ rẹ̀.

Ṣé òfin lè mú èèyàn?

Ó lè mú un. Abala 24 òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣe ní 2015 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, kan ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ lòun ń fi ránṣẹ́ láti dá rúgúdù sílẹ̀. Wọ́n ti fi òfin kan náà mú àwọn oníròyìn, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí n fi ọkàn tán an.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ti pín irọ́ rí?

Mo ti pín in. Nígbà ìdìbò kan, ọkùnrin kan gbé ímeèlì wá pé olùdíje kan láti ìlú tó múlé gbè wá ti fọwọ́ sí i láti ta ilẹ̀ oko ìlú mẹ́ta. Ó ní kí n ṣe ogójì ẹ̀dà. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ṣe é, mo gbowó. N kò bi í ní nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọ̀kan nínú bébà náà lọ́wọ́. Ìyá olùdíje yẹn ni. Wọn kò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ àwọn. Mo kà á fún wọn, ó rọ̀ mí lápá àti ẹsẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní n kò mọ̀, Ìyá.

Wọ́n wo ẹ̀rọ títẹ̀wé mi, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ lo tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ká bébà náà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n sì jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá gbé ìwé òṣèlú wá sọ́dọ̀ mi, màá fún un ní bírò pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń kọ ọ́. Àwọn tó pọ̀ jù máa ń gba bébà wọn padà.